Lẹ́tà Tó Dé Fìlà, Tó Tún Wọ Bàtà

Yàrá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wà lábẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin kan. Oòrùn kì í dé ibẹ̀ àfi ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tó bá gba fèrèsé kékeré òkè wọlé, tí á wá tẹ́ ara rẹ̀ sórí pẹpẹ bí ẹni tó ti rìn jìnnà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó gbogbo ohun tí èrò bá gbàgbé sínú ọkọ̀ sí. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò níbẹ̀, mo sì ti gbé òkèèrè ju bí mo ṣe gbé ibẹ̀ lọ. Síbẹ̀, bí mo bá dijú báyìí, imú mi á tún gbọ́ òórùn rẹ̀: agboòrùn tó tutù, awọ àpò, àti bàtà ẹnì kan tí kò padà wá mú un.

Èèyàn ò lè mọ ohun tí ọmọ aráyé lè gbàgbé. A ní ilẹ̀kùn kan níbẹ̀, odindi ilẹ̀kùn pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. A ní eyín àtọwọ́dá tó pọ̀ débi pé tí ọkọ̀ bá ń kọjá lókè, gbogbo wọn á máa gbọ̀n lórí pẹpẹ bí ẹni tí òtútù mú. A ní ẹsẹ̀ onígi kan, a sì ń bi ara wa léèrè lójoojúmọ́ bí ẹni tó ni ín ṣe rìn kúrò nínú ọkọ̀.

Gbogbo nǹkan wọ̀nyí la ń kọ sínú kọ̀ǹpútà. Ètò tó ń bá wa tọ́jú ọ̀rọ̀ wọn là ń pè ní Àká. Ọkùnrin kan ló kọ ọ́ fún gbogbo ibùdókọ̀ ojú irin kí wọ́n tó gbà mí síṣẹ́, ó sì ti bá tirẹ̀ lọ. Tèmi ni pé kí n máa bójú tó o, nítorí náà Oníkọ̀ǹpútà ni gbogbo wọn ń pè mí. Ìlò Àká ò le. Tí nǹkan bá dé, akọ̀wé á kọ bó ṣe rí sí ìlà kan, ìlà náà ò sì gbọ́dọ̀ ju ọgọ́ta lẹ́tà lọ. Tí olóhun bá dé, akọ̀wé á ka ohun tí wọ́n kọ, á lọ mú un wá, ó parí.

Akọ̀wé àárọ̀ ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá Àmì ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ tó máa kọ tí kò ní í fi gbogbo àmì orí àti ti ìsàlẹ̀ sí i. Olùkọ́ èdè ni ìyá tó bí i, ọmọ tó bá sì kọ “ẹ jọ̀ọ́” láìfi àmì sí i nílé yẹn, wọn ò ní í dá a lóhùn. Bó ṣe wá dàgbà nìyẹn. Ohun tó kọ lé ògiri ilé ìdáná wọn, “Ẹ pa iná kí ẹ tó jáde”, àmì rẹ̀ pé débi pé ó dà bíi pé ó ń pariwo. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń sọ pé tó bá ń hanrun pàápàá, òun ń gbọ́ ibi tí àmì wà.

Èmi ni “ọkọ mi” lẹ́nu rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé ṣe ń pe àbúrò ọkọ. Ọ̀gá wa, ọkùnrin kúkúrú kan tí à ń pè ní Kíákíá, ti kọ́kọ́ bínú nígbà tó gbọ́ ọ. Ó ní òun ò fẹ́ tọkọtaya nínú yàrá kan. Ìgbà tí a ṣàlàyé fún un tán, ó ní kò burú, àmọ́ kí a ṣe àlàyé náà kíákíá nígbà mìíràn.

Ohun tí Ìyá Àmì fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni fèrèsé. Nítorí pé abẹ́ ilẹ̀ la wà, ẹsẹ̀ àwọn èrò nìkan là ń rí. Ó lè wo bàtà kó sọ fún ọ pé ẹni yìí ń sá fún gbèsè, ẹni yìí ń lọ rí ìyá ìyàwó rẹ̀, kò sì fẹ́ lọ. Ilé wọn ò jìnnà. Lọ́sàn-án, á fẹsẹ̀ rìn lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ jẹun, á sì padà kí ọkọ̀ tó tẹ̀lé e tó dé.

Bí wàhálà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Olùkọ́ ìṣirò kan wá béèrè awò ojú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Akọ̀wé ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin kan tó máa ń sùn lóòró, wo Àká, ohun tó sì rí ní ìlà awò ojú náà ni: “ẹ́yẹ, ó sì ya díẹ̀”. Kò bi ara rẹ̀ ní nǹkan kan. Ó lọ sí ẹ̀yìn, ó wá ẹyẹ aláṣọ kan tí ọmọdé gbàgbé, tí apá rẹ̀ ti ya, ó sì gbé e fún olùkọ́. Olùkọ́ tí kò ríran láìsí awò dúpẹ́, ó tọwọ́ bọ̀wé gbígbà rẹ̀, ó gbìyànjú láti gbé ẹyẹ náà wọ ojú, kò wọ̀, ó ní bóyá imú òun ló ti tóbi sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò dáwọ́ dúró mọ́. Obìnrin kan wá gba bàtà ọmọ rẹ̀, ohun tí wọ́n kà fún un ni “ó ti bàjẹ́, ó sì ń rùn”. Ó rò pé ọmọ náà ni wọ́n ń sọ, ó sì ká aṣọ sókè láti jà. Ọkùnrin kan wá gba fèrè, wọ́n ní tirẹ̀ “ní ìfun méjì”. Bí wọ́n ṣe ń wá ẹni tó fà á, wọ́n rí i pé gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí Ìyá Àmì bá ti kọ nǹkan sínú Àká. Akọ̀wé ìrọ̀lẹ́ tí kì í fi àmì kankan sórí ohunkóhun, tó ń kọ ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń da iyanrìn sílẹ̀, tirẹ̀ ò bàjẹ́ rí.

Kíákíá pè wá. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti yé òun, ọwọ́ Ìyá Àmì ni kò dáa. Àwọn ọwọ́ kan wà, tí wọ́n bá kan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á bàjẹ́. Ó ní bí nǹkan ò bá dára sí i, Ìyá Àmì yóò gba ibùdókọ̀ kékeré tó wà ní oríta ojú irin lọ, níbi tí ọkọ̀ kì í ti í dúró tó bẹ́ẹ̀, tí ohun tó ń sọnù níbẹ̀ kò sì ju àkókò lọ. Ibẹ̀ ni yóò máa sùn, òpin ọ̀sẹ̀ ni yóò máa wálé.

Ìyá Àmì ò bá a jà. Ó kàn nàka sí ojú kọ̀ǹpútà, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ wo ẹyẹ yìí. Ẹ wo fìlà tó wà lórí lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ̀. Ẹyẹ kì í dé fìlà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò kọ ọ́ báyẹn rí.”

Ọ̀gá ní ẹyẹ tó bá dé fìlà, òtútù ló mú un.

Èmi ní tèmi lọ kọ ẹyẹ náà sí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo ń wò ó. Ìyá Àmì mọ àmì ju kó ṣi “ẹyẹ” kọ lọ. Mo wá wo ohun tó kọ kẹ́yìn lọ́jọ́ náà, ní ìlà tó wà lókè awò ojú olùkọ́: “Agboòrùn dúdú kan, ọwọ́ rẹ̀ dà bí orí pẹ́pẹ́yẹ, ó sì ya díẹ̀”. Mo bá rí i. Kì í ṣe ẹyẹ ló wà níbẹ̀. Ìrù pẹ́pẹ́yẹ ni. Pẹ́pẹ́yẹ yìí ti na ìdí rẹ̀ wọ inú yàrá awò ojú, ó sì ti lé onílé jáde.

Pé Àká ń jò ti yé mi. Ibi tó ti ń jò ni kò yé mi. Àká ń ka lẹ́tà kó tó gba ọ̀rọ̀ wọlé, mo sì ti fi ìka kà á fúnra mi: ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ́yẹ yẹn kò tó ọgọ́ta. Mo ní kí Ọ̀gá fún mi láàyè kí n wá a. Ó ní òun ò ní ààyè, òun ní ọgbọ́n. Nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tó ní àmì nìkan ló ń dá wàhálà sílẹ̀, kí gbogbo èèyàn yé fi àmì sí ọ̀rọ̀. Ẹ yọ àmì, ẹ yọ wàhálà. Ó fi bébà lẹ àwọn bọ́tìnnì àmì pa fúnra rẹ̀.

Lóòótọ́, Àká ò jò mọ́. Ìyá Àmì kọ nǹkan lọ́jọ́ náà bí ẹni tí wọ́n ní kó jáde sígboro láìwọ aṣọ. Lára ohun tó gbà wọlé ni ọkọ́ àgbẹ̀ kan tí orí rẹ̀ ti ń yọ kúrò lára igi. Ó kọ ọ́ báyìí: “Oko kan. O ti gbo die. Ori re n mi.”

Ní gbogbo ọ̀sán, ọmọbìnrin kan tí à ń pè ní Olóhùn máa ń ka àwọn ohun tó sọnù sínú sípíkà kí gbogbo ibùdókọ̀ lè gbọ́. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun fara balẹ̀ rò ó. Oko tí wọ́n ń ro kò lè wọ ọkọ̀. Ọkọ̀ kò lè sọnù sínú ọkọ̀. Ọkọ́ àgbẹ̀ ò tilẹ̀ sọ sí òun lọ́kàn. Ó ku méjì, òun ò sì lè ka èkejì sétí gbogbo ayé. Olóhùn bá la ẹnu, ohùn rẹ̀ sì dùn: “Ẹni tí ọkọ rẹ̀ bá sọnù, kó wá mú un ní yàrá ìsàlẹ̀. Ó ti gbó díẹ̀, orí rẹ̀ sì ń mì.”

Èrò tó dé yàrá wa lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, n kò rí irú rẹ̀ rí. Obìnrin kan ní orí tòun kì í mì, àmọ́ kí a ṣe sùúrù kí òun wò ó ná. Òmíràn mú tirẹ̀ dání, ó ń béèrè bóyá wọ́n lè bá òun pààrọ̀. Bàbá arúgbó kan wá jókòó sórí àga gígùn, ó ní ìyàwó òun ló ní kí òun wá fi ara òun sílẹ̀ níbẹ̀ títí ìyàwó náà á fi rí ẹni rán wá mú òun. Nígbà tí Ìyá Àmì gbé ọkọ́ náà jáde, ariwo sọ. Obìnrin kan ṣoṣo ni kò bínú. Ó yí ọkọ́ náà síwá sẹ́yìn, ó ní, “Ó sàn ju èyí tó wà nílé mi lọ. Eléyìí á kúkú ṣiṣẹ́.”

Ọjọ́ kejì ló wá burú. Ẹnì kan gbàgbé ìgbálẹ̀, ìyẹn ọwọ̀. Ohun tó wà nínú Àká ni: “Owo kan, won fi okun di i, o wa labe aga.” Olóhùn tún rò ó. Tó bá jẹ́ owó ni, kò ní í dé inú Àká láéláé, ẹni tó rí i á ti fi ra nǹkan. Ó bá kà á pé a rí ọwọ́ kan lábẹ́ àga, pé wọ́n fi okùn dì í, kí ẹni tó ni ín wá mú un.

Ọlọ́pàá méjì ló wọlé. Èyí àgbà nínú wọn béèrè ibi tí ìyókù ara wà. Ìyá Àmì gbé ọwọ̀ náà fún un. Ó wò ó, ó wò wá, ó béèrè pé ta ló fi okùn dì í. Ìyá Àmì ní ẹni tó ń tà á ni. Ọlọ́pàá náà kọ ìyẹn sílẹ̀.

Ojú ti Kíákíá débi pé ó lọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn tó sọnù yẹn títí wọ́n fi lọ. Ìgbà tó jáde, ó ní ọ̀rọ̀ ti parí: obìnrin yìí fi àmì sí i, ó bàjẹ́, kò fi àmì sí i, ó tún bàjẹ́. Kí wọ́n dá àmì padà, kí obìnrin náà gba oríta lọ. Ọkọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni yóò gbé e.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú mo lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n mi. Onígbàjámọ̀ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú ilé, yàrá wọn wà lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó ń gẹ irun lọ́jọ́ yẹn. Ó ń fi ìyàwó rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní òun á wá máa sùn dáadáa, kò ní í sí ẹni tó máa sọ fún òun pé “ẹ̀kọ́” ò rí bí “ẹ̀kọ”. Àwọn ọmọ kò rẹ́rìn-ín. Ìyá Àmì ti ka aṣọ mẹ́wàá sínú àpótí rẹ̀, nítorí pé ó mọ̀ pé mẹ́wàá ló ń gbà, ọdọọdún ló ń gbé e rìn. Àmọ́ ìdérí ò bò. Ó tẹ̀ ẹ́, kò bò. Èmi náà jókòó lé e, aṣọ kan tú jáde láti ẹ̀gbẹ́, ó bọ́ sínú àpótí bàtà àwọn ọmọ tó wà nísàlẹ̀.

“Mẹ́wàá náà ni mo kà,” Ìyá Àmì wí. “Ọkọ mi, ṣé mi ò mọ ìwọ̀n àpótí mi mọ́ ni?”

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun á bá a tì í, kí àwa yòókù bọ́ síta. Ó tètè sọ ọ́, n kò sì fura, nítorí pé aṣọ tó bọ́ sínú bàtà yẹn ni mo ń wò. Ibẹ̀ ni ó ti yé mi. Iye aṣọ yàtọ̀ sí bí aṣọ ṣe tóbi tó. N kò dúró gbọ́ ìyókù, mo ti wà lójú ọ̀nà ibùdókọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún Ọ̀gá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Nínú iyè kọ̀ǹpútà, ohun kọ̀ọ̀kan tó sọnù ní àga gígùn tirẹ̀, ibi ìjókòó ọgọ́ta ló sì wà lórí àga kọ̀ọ̀kan. Àwọn àga náà tò tẹ̀ léra, kò sí ògiri láàárín wọn. “e” lásán ń gba ibi ìjókòó kan. Tó bá dé fìlà, bíi “é”, ó ń gba méjì. Tó bá wọ bàtà, tó di “ẹ”, ó ń gba mẹ́ta. Èyí tó wá dé fìlà tó tún wọ bàtà, “ẹ́”, odindi márùn-ún ló ń jókòó lé, bí ọlọ́rọ̀ tó wọ agbádá. Ọkùnrin tó kọ Àká ń ka orí àwọn tó ń wọlé lẹ́nu ọ̀nà, kò wo ìdí wọn. Ó ka ọgọ́ta, ó ní kí wọ́n wọlé, ó sì dà wọ́n sórí àga láìwọ̀n wọ́n. Àwọn tó wà lẹ́yìn bá bọ́ sórí àga ẹlòmíràn.

Ẹni tí kò gbọ́ èdè wa ì bá má ṣe irú àṣìṣe yìí. Ẹ̀rù àwọn lẹ́tà wa ì bá ti bà á, á ti fún wọn láàyè. Ọmọ èdè ni ọkùnrin yìí, wọ́n sì ti kọ́ ọ láti kékeré pé “ẹ́” ò ju lẹ́tà kan ṣoṣo lọ. Ó gba olùkọ́ rẹ̀ gbọ́.

Kíákíá ní òun ò rí àga kankan. Àpótí Ìyá Àmì ti wà nínú ọkọ̀ lókè nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbé e wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ là ń wò láti ojú fèrèsé tó ń rìn lọ rìn bọ̀. Mo ní kí Ọ̀gá jókòó, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nǹkan kan. Àkùkọ kan wà nínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, inú rẹ̀ ò sì dùn. Mo ní kó kọ ọ́ sórí àga tó ṣófo, èyí tó ṣáájú ti eyín ìyá àgbà kan. Ìyá àgbà náà wà níwájú pẹpẹ, ó ń dúró de eyín rẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ọ̀gá ò mọ ibi tí àmì wà. Ìyá Àmì ló dúró sẹ́yìn rẹ̀ tó ń pè é fún un.

“Ẹ wọ bàtà fún un, Ọ̀gá. Ó ku fìlà. Rárá, fìlà yẹn ń gòkè ni, èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ ni kí ẹ dé fún un.”

“Ṣé bí o ṣe máa ń ṣe nìyí lójoojúmọ́?”

“Lójoojúmọ́, sà.”

Ó làágùn kó tó parí rẹ̀: “Àkùkọ kan nínú apẹ̀rẹ̀, ó ń kọ ní àárọ̀, ó fẹ́ràn àgbàdo”. Àká ka orí wọn, wọn ò tó ọgọ́ta, ó gbà wọ́n wọlé. Mo ní kí Ọ̀gá wá ṣí ìlà eyín. Ohun tó wà níbẹ̀ ni àmì kan tí kò jọ nǹkan kan, ìyẹn ààbọ̀ lẹ́tà tó há sí àárín àga méjì, lẹ́yìn náà: “ó fẹ́ràn àgbàdo”. Ọ̀gá kà á sókè kó tó mọ̀.

Ìyá àgbà náà mi orí. Ó ní òótọ́ ni, eyín òun fẹ́ràn àgbàdo gan-an, ṣé wọ́n ti bi í léèrè ni?

Kíákíá wo ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní ọwọ́ òun dáa. Mo ní ọwọ́ Ìyá Àmì náà dáa. Mo rí i pé ìyẹn ò tíì wọ̀ ọ́ lára, mo bá sọ èyí tó kù. Lẹ́yìn gbogbo àga àwọn ohun tó sọnù, àga kan wà níkẹyìn tí Àká ń kọ orúkọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá sí, ẹni tó lè pàṣẹ pé kí wọ́n gbé nǹkan fún ẹnikẹ́ni. Tí ẹnì kan bá lo àga tó ṣáájú rẹ̀, tó sì mọ iye fìlà àti bàtà tó máa dà sí i, orúkọ ara rẹ̀ ló máa bọ́ síbẹ̀.

Ọ̀gá rọra fi ara ti ẹ̀yìn àga rẹ̀. “Ṣé o ní ẹnì kan lè fi pẹ́pẹ́yẹ di èmi?”

“Pẹ́pẹ́yẹ méjì lè tó, sà.”

Ó dìde láti lọ pariwo rẹ̀ nínú sípíkà kí gbogbo èèyàn lè ṣọ́ra. Èmi àti Olóhùn la dì í mú. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a má sọ fún ẹnikẹ́ni níta ná: gbogbo ibùdókọ̀ ló ń lo Àká yìí, ihò kan náà ló sì wà lára wọn. Tí olè bá gbọ́ kí a tó dí i, ó ti di ọ̀gá kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó yẹ kí a pe àwọn tó ni Àká ní jẹ́jẹ́, kí wọ́n fi àbùlẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ibùdókọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà kí ẹni tó bá fẹ́ pariwo máa pariwo. Ó ní ó dáa, kí n pè wọ́n, kíákíá.

Ọkọ̀ fọn fèrè lókè. Gbogbo wa gbàgbé pé ó wà níbẹ̀, àfi Ìyá Àmì. Kò tíì jókòó láti àárọ̀. Ó ní, “Ọ̀gá, ṣé kí n máa lọ ni, àbí kí n jókòó?”

Kíákíá wo ojú kọ̀ǹpútà, níbi tí eyín ti ń fẹ́ràn àgbàdo. Ó wo gbogbo pẹpẹ tó yí wa ká, gbogbo ohun tí a gbọ́dọ̀ gbé sílẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan kí a fi wé ohun tó wà nínú Àká. Ó gbé ara rẹ̀ kúrò lórí àga, ó sì fi aṣọ ìnujú rẹ̀ nu ibẹ̀. “Ta ló máa fi àmì sí i? Ẹ jókòó.”

Ìgbà àkọ́kọ́ tó sọ “ẹ” fún un nìyẹn. Bí ọkọ̀ náà ṣe lọ nìyẹn, àpótí sì wà nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi sá tẹ̀ lé e díẹ̀ lójú fèrèsé, ó dúró.

Àbùlẹ̀ náà kò ju ìlà díẹ̀ lọ nígbà tí èmi àti àwọn tó ni Àká jọ kọ ọ́ tán lórí fóònù. A ní kí Àká má ka orí mọ́, kó máa wọn ìdí kí ó tó da ọ̀rọ̀ sórí àga. Bí ọ̀rọ̀ bá tóbi ju àga lọ, kó kọ̀ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà, kó sì sọ bẹ́ẹ̀, kó má gba ààbọ̀ rẹ̀, kó má sì tì í sórí àga ẹlòmíràn. A tún fẹ àwọn àga náà, nítorí pé kò bójú mu kí ọ̀rọ̀ wa máa há mọ́ra. Mo da gbogbo ohun tó wà nínú Àká kọ síbòmíràn ná, mo dá Àká dúró, mo fi àbùlẹ̀ lẹ̀ ẹ́, mo sì ní kí Ìyá Àmì wá gbìyànjú láti bà á jẹ́.

Ó ti ń dúró de ìyẹn. Ó ronú, ó sì kọ gbólóhùn tó wúwo jù tí ojú mi rí: “Ẹ̀gbọ́n ọ̀pọ̀lọ́ fẹ́ ọ̀bọ”, ó tún un kọ, ó tún un kọ, gbogbo lẹ́tà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dé fìlà tó wọ bàtà. Àká wọ̀n ọ́n, ó ní, “Ó ti kún. Ẹ dín in kù.” A yẹ àga tó tẹ̀ lé e wò. Eyín ìyá àgbà wà níbẹ̀ jẹ́jẹ́, kò sí ọ̀bọ kankan lára rẹ̀. Ìyá Àmì ní ó dáa, àmọ́ ta ni Àká rò pé òun ń bá sọ̀rọ̀?

Ní ọ̀sẹ̀ náà, ọkọ̀ oríta gbé àpótí Ìyá Àmì padà wá gẹ́gẹ́ bí ohun tó sọnù. Òun ló wà lórí àga, òun ló sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ wọlé. Kíákíá ní òfin ni òfin, kó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e fún un. Ó ní aṣọ mẹ́wàá. Wọ́n ṣí i. Aṣọ mẹ́wàá wà níbẹ̀ lóòótọ́. Lábẹ́ wọn, kílípà ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, dígí rẹ̀ wà níbẹ̀, aṣọ funfun tó ń so mọ́ oníbàárà lọ́rùn, àti ṣòkòtò rẹ̀ méjì.

Ọ̀gá béèrè pé ti ta ni kí òun kọ pé àpótí náà jẹ́. Ìyá Àmì ní tàwọn ni.

Mo bá a gbé e délé lọ́sàn-án. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú oníbàárà kan, ó ń ṣàlàyé fún un pé kílípà òun ṣì wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, bó ṣe ti ń sọ fún gbogbo wọn láti ọjọ́ Ajé. Ìyàwó rẹ̀ gbé kílípà náà lé e létí àga. Ó wò ó, ó wo èmi, ó wo ilẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé orí ta ló fẹ́ gẹ̀ ní oríta, níbi tí kò sí èèyàn.

“Mo ti bá ọ̀gá ibẹ̀ sọ̀rọ̀,” ẹ̀gbọ́n mi wí. “Ó ní orí òun pá, àmọ́ irùngbọ̀n wà.”